Ooru ti dé, òdòdó inú pálọ̀ mi ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ omi àti ajílẹ̀ wọn

Ọmọ Akóbọ̀

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, a kó kúrò nílé ìsàlẹ̀ tí à ń gbé, a bọ́ sí òkè kẹta ilé mìíràn níbí n'Íbàdàn. Ilé àkọ́kọ́ ní igi máńgòrò ńlá kan níwájú fèrèsé, pálọ̀ máa ń tutù nini. Ti ibí yìí kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bó bá ti di aago méjì ọ̀sán, oòrùn á ti wọlé, kò sì ní jáde títí di nǹkan bí aago mẹ́fà. Mo gbé tẹ̀mómítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga lánàá. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó ka 36.

Òdòdó mẹ́sàn-án ni mo ní: peace lily méjì, money plant mẹ́ta, ọjà ìkookò (snake plant) méjì, ZZ (Zamioculcas zamiifolia lorúkọ rẹ̀ ní kíkún) kan àti croton kan. Nílé àtijọ́, Sátidé-Sátidé ni mo máa ń bomi sí gbogbo wọn, kò sí wàhálà. Nígbà tí ooru yìí bẹ̀rẹ̀, mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, ni mo bá sọ ọ́ di àràárọ̀. Ewé ṣì ń pọ́n. Mo lọ ra ajílẹ̀ NPK 15-15-15, mo bu ṣíbí ìjẹun kọ̀ọ̀kan sídìí ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí ara wọn lè le. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ṣóńṣó ewé peace lily fi gbẹ bí ohun tí iná rá. Láàárọ̀ yìí ni mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú ọjà ìkookò, ewé kan já láti ìdí, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, ó sì ń rùn.

Ìyá mi ló fún mi ní ọjà ìkookò yẹn lọ́dún tí mo ṣègbéyàwó. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Olódòdó Ìdí-Ìṣìn

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ta òdòdó. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ tí ooru oṣù Kejì wọlé, irú ìpè yìí ni mo máa ń gbà. Nínú àwọn oníbàárà mi, àwọn tó fi omi pa òdòdó pọ̀ ju àwọn tó fi òùngbẹ pa á lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, gbé gbogbo wọn kúrò lójú oòrùn tààrà. Kí wọ́n fi bíi mítà kan ààbọ̀ jìnnà sí fèrèsé, tàbí kí o ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ṣíbí ha ajílẹ̀ tí kò tíì yọ́ kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀. Èyí tó ti yọ́ wọlé, omi ló máa gbé e jáde. Gbé peace lily, money plant àti croton lọ sí balùwẹ̀, máa da omi sí wọn díẹ̀díẹ̀ títí èyí tó jò nísàlẹ̀ yóò fi tó ohun tó lè kún ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Jẹ́ kó ro dáadáa kí o tó gbé e padà. Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo tún ní kí o da omi sí ohun tí omi ti pọ̀ sí. Iyọ̀ ajílẹ̀ yẹn ló ń jó gbòǹgbò lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wàá ṣe é.

Ọjà ìkookò àti ZZ ní tiwọn, má da omi kankan sí wọn. Yọ wọ́n nínú ìkòkò, gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà dànù tòun ti ajílẹ̀ inú rẹ̀. Wá ọ̀bẹ mímú tí o ti fi omi gbígbóná fọ̀, gé ibi tó ti rà títí wàá fi kan ibi tó le. Tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ojú egbò rẹ̀ gbẹ, kí o wá gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kan kí o tó bomi sí i. Bí ìdí rẹ̀ bá ti rà tán pátápátá, gé ewé tó ṣì le sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́, kí o rì wọ́n mọ́lẹ̀, kí ibi tó wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Á ta gbòǹgbò, àmọ́ ó lè tó oṣù méjì. Bó bá jẹ́ irú tí etí ewé rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí àyìnrín, ọmọ tó máa hù láti ara ewé kò ní mú àwọ̀ etí yẹn dání, kí o má bàa rò pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Tísà Báọ́lọ́jì

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Olódòdó. Ẹ jẹ́ n fi ìdí rẹ̀ kún un, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ á mọ ohun tó máa ṣe nígbà tí ojú ọjọ́ bá tún yí padà.

Abẹ́ ewé ni àwọn ihò tíntìntín pọ̀ sí, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde bí òógùn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó sì gbẹ, ó máa ń fa omi yẹn kíákíá, nítorí náà òótọ́ ni pé òdòdó ń mu omi sí i nígbà ooru. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà ń mí, àárín iyẹ̀pẹ̀ ló sì ti ń rí afẹ́fẹ́. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo ibẹ̀ pa, ìwọ̀nba ọ́síjìn tó wà nínú omi náà ló kù fún un. Lítà omi kan tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn. Bó bá gbóná dé 30°C, kò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Bí ooru sì ṣe ń pọ̀ sí i ni gbòǹgbò ṣe ń fẹ́ ọ́síjìn sí i. Ìkòkò tí omi dúró sí nínú òtútù oṣù Keje lè fara dà á díẹ̀. Nínú ooru oṣù Kejì, ọjọ́ mélòó kan ti tó láti ba gbòǹgbò jẹ́. Gbòǹgbò tó ti kú kò lè fa omi, ewé á wá rọ. Ẹni tó ni ín á ní òùngbẹ ni, á tún da omi sí i.

Ti ọjà ìkookò tún yàtọ̀. Apá ibí yìí ní Áfíríkà ló ti wá, ó mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Alẹ́ ló máa ń ṣí ihò ewé rẹ̀, ó ń pa á dé lójú oòrùn, ìdí nìyẹn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdánù omi lọ́sàn-án. ZZ, tó wá láti ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní iṣu kéékèèké nísàlẹ̀ bí ọ̀dùnkún, ibẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí. Ẹ má fi òun àti peace lily sórí òǹkà kan náà láé.

Ọmọ Akóbọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ṣe é títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tí mo yọ peace lily kan wò, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú. Mo fi ìka méjì fà á wẹ́rẹ́, awọ ara rẹ̀ sì bọ́ kúrò, ohun tó kù kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí òwú lọ. Ti èkejì ṣì funfun díẹ̀. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí.

Ọjà ìkookò ìyá mi, mo rí ibi tó le gé. Ó wà lórí ìwé ìròyìn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Ìbéèrè mi ni pé: bí n kò bá ní máa fi ọjọ́ kà á, báwo ni màá ṣe mọ ìgbà tí omi yá?

Olódòdó Ìdí-Ìṣìn

Gbé e wò. Bí o bá ti bomi sí ìkòkò kan tó ro tán, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kí apá rẹ mọ bó ṣe wúwo. Máa gbé e wò láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa fúyẹ́ débi pé wàá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọn money plant mi kan lọ́dún kan: bó bá mu omi yó, kílò 2.4 ni, bó bá ti ku 1.6, omi yá nìyẹn. Lóṣù Kejì, ọjọ́ márùn-ún ló gbà á kó tó débẹ̀. Lóṣù Keje tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, ọjọ́ mọ́kànlá. Òdòdó kan náà, ìkòkò kan náà. Ẹni tó bá ń lo Sátidé-Sátidé á pa á lẹ́ẹ̀kan láàárín àwọn oṣù méjèèjì yẹn.

Nígbà tí o bá sì ń bu omi, bu ú kó jò nísàlẹ̀. Wíwọ́n omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò dáa: òkè iyẹ̀pẹ̀ á máa tutù, ìsàlẹ̀ tí gbòǹgbò wà á gbẹ.

Ìyá Ọlọ́gbà Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀nà kan kò wọjà. Orúnkún mi kò gbà mí láyè láti máa gbé ìkòkò, àwọn mìíràn nínú tèmi sì wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ. Igi súyà ni mo fi ń ṣe tèmi. Mo máa ń fọ̀ ọ́, kí n gbẹ ẹ́, kí n wá kì í bọnú iyẹ̀pẹ̀ títí dé ìdajì ìkòkò, kí n fi í síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo bá yọ ọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn tí igi náà sì dúdú, mi ò ní bu omi. Bó bá jáde ní gbígbẹ, ó yá fún peace lily. Ti ọjà ìkookò àti ZZ, mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i lẹ́yìn tí igi bá ti jáde ní gbígbẹ.

Ọmọ mi, mo tún fẹ́ kí o mọ èyí: peace lily máa ń dákú láago mẹ́ta, mẹ́rin ọ̀sán bí ooru bá pọ̀, kódà bí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá tutù. Omi ń jáde lára ewé ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á lọ. Má sáré mú omi. Fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ná. Bó bá tutù, dúró dìrọ̀lẹ́, wàá rí i tó máa dìde fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣì dọ̀bálẹ̀ láago méje àárọ̀ ni kí o bẹ̀rù fún.

Bí iyẹ̀pẹ̀ bá sì ti gbẹ jù tó súnrakì kúrò lára ìkòkò, omi tí o dà sí i á kàn gba ẹ̀gbẹ́ sá jáde ni, àárín ò ní mọ̀ pé òjò rọ̀. Gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ sínú báàfù tó ní omi ní ìdajì, kó fi ìdí mu omi fún ààbọ̀ wákàtí.

Ọmọ Àjá

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ irú omi náà. Níhà ọ̀dọ̀ wa lápá òkun l'Ékòó, omi bọ́hóòlù ilé wa níyọ̀ díẹ̀, ọṣẹ kì í hó dáadáa. Nígbà ooru tí a ń bu omi lemọ́lemọ́, iyọ̀ yẹn ń ṣẹ́ jọ sínú ìkòkò torí omi nìkan ló ń fẹ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan funfun bí ẹfun létí ìkòkò amọ̀ mi, ṣóńṣó ewé sì ń gbẹ láìjẹ́ pé mo fi ajílẹ̀ kankan sí i. Òjò ni mo ń gbè báyìí nígbà tó bá wà. Lẹ́ẹ̀rùn, omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń gbà sínú kẹ́gì, kò níyọ̀. Bí mo bá tún ní láti lo ti bọ́hóòlù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń ṣan iyẹ̀pẹ̀ gan-an bí Ẹ̀gbọ́n Olódòdó ṣe sọ lókè.

Kí ẹ sì ṣọ́ omi inú táǹkì dúdú orí òrùlé. Láago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ máa yára fà á kúrò. Mo da á sí money plant kan rí. Àárọ̀ kùtù ni mo ń bomi báyìí.

Ọ́fíìsì wa tún fi nǹkan hàn mí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ibẹ̀ tutù, síbẹ̀ òdòdó ibẹ̀ ń yára gbẹ ju ti ilé lọ, torí ẹ̀rọ yẹn ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́. Mo kó wọn jọ sójú kan, kí wọ́n jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ náà, mo gbé wọn lé àwo tí mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi díẹ̀ sí. Ìdí ìkòkò kò gbọ́dọ̀ kan omi o. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Fífi ike fọ́n omi sójú ewé kò ṣe nǹkan kan fún èmi. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti gbẹ.

Ará Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti London. Àwa náà mọ ooru báyìí. Lọ́jọ́ 19 oṣù Keje 2022, ó ju 40°C lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Fúláàtì wa kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, a ti gbogbo fèrèsé, a ta kọ́tìnnì láti àárọ̀, a ṣí wọn lálẹ́. Òdòdó tí mo gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló yè jù, torí òkè ni ooru ń lọ.

Àmọ́ ìgbà òtútù ló ń tan wá jẹ. A máa tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, inú ilé á móoru, iyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ á yára gbẹ. Ènìyàn á ní ìgbà ìdàgbà nìyí, á fún un ní ajílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú! Kò sí ìmọ́lẹ̀ tí ewé máa fi lo oúnjẹ yẹn. Láti oṣù Kọkànlá títí di ìparí oṣù Kejì, èmi kì í fún wọn ní nǹkan kan ju omi díẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni mo ń wò kí n tó fún wọn lóúnjẹ.

Ọmọ Akóbọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ku ti ajílẹ̀. Ṣé kí n má fún wọn mọ́ rárá títí òjò á fi dé?

Tísà Báọ́lọ́jì

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí o bá wọ́n iyọ̀ sórí tòmátò tí o gé, omi á sun jáde lára rẹ̀. Ohun tí ajílẹ̀ tó pọ̀ jù ń ṣe sí gbòǹgbò nìyẹn: dípò kí gbòǹgbò fa omi wọlé, omi inú rẹ̀ ló ń fà jáde. Ṣíbí ìjẹun kan tó nǹkan bíi gíráàmù 15. Lítà omi 15 ló yẹ kí a pò ó mọ́, ìkòkò kan ṣoṣo ló sì dá gbà á.

Ooru àti ìmọ́lẹ̀ papọ̀ ń mú kí òdòdó dàgbà kíákíá, ó sì ń fẹ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n torí pé omi ń gba ara rẹ̀ kọjá lọ́pọ̀lọpọ̀, oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́. Bí ooru bá sì ti kọjá 35 lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í dàgbà mọ́, wọ́n kàn ń gbìyànjú láti má kú ni. Má fún wọn ní nǹkan kan lásìkò yẹn.

Olódòdó Ìdí-Ìṣìn

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń bu ṣíbí kékeré kan, pẹrẹsẹ, NPK 15-15-15 sínú kẹ́gì lítà márùn-ún, mo á mì í, mo á fi í sílẹ̀ mọ́jú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á sàlẹ̀. Omi tó tòrò lókè ni mo ń lò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún peace lily, money plant àti croton. Ní àsìkò tó gbóná bí irú èyí, ìdajì ṣíbí ni, fún èyí tó bá ń yọ ewé tuntun nìkan. Ọjà ìkookò àti ZZ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó. Iyẹ̀pẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tutù kí ajílẹ̀ tó kàn án: bu omi lásán lónìí, fi ti ajílẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́la. Ohun tí òùngbẹ ń gbẹ kì í gba ajílẹ̀.

Tìrẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan yìí, kí o jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà yẹn òjò àkọ́rọ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an ni àsìkò tó dára jù, ooru wà, ìmọ́lẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ kò gbẹ.

Ìyá Ọlọ́gbà Abẹ́òkúta

Èmi kò lo NPK nínú ilé. Ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa, tó ti di dúdú tí kò rùn mọ́, ìkúnwọ́ kan lórí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, kò jó wọn rí. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ni kí ẹ sá fún, iná ni. Eérú náà, ìwọ̀nba ni, torí bí a bá ń bu ú lemọ́lemọ́ iyẹ̀pẹ̀ á dà bí èyí tí a po kán-ún mọ́, kò ní bá òdòdó lára mu. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tí wọ́n ń sọ káàkiri yẹn, bó bá pẹ́ nílẹ̀ ó ń kan, ó sì ń kó àwọn kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó ń fò wọlé. Mo ti jẹ ìyà wọn rí.

Ẹ sì máa fi aṣọ tútù nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú ewé àti lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ yẹn ni kòkòrò pupa tíntìntín tó ń ta òwú bí aláǹtakùn máa ń sá sí nígbà ooru. Croton ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Ọmọ Akóbọ̀ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje)

Mo padà wá ròyìn. Peace lily tí gbòǹgbò rẹ̀ dúdú kú, mo gbà bẹ́ẹ̀. Èkejì pàdánù ewé mẹ́rin, àmọ́ ó ti yọ méjì tuntun, ṣóńṣó wọn sì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn money plant ń gbà omi ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin báyìí, ọ̀kan ní márùn-ún torí ìkòkò rẹ̀ tóbi jù. Mo ti ń mọ̀ ọ́n lápá. Mo wo abẹ́ croton bí Màmá ṣe wí, òwú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo fọ̀ ọ́ léwé-léwé fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. ZZ kò yí padà rárá, bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjà ìkookò ìyá mi dúró ṣánṣán nínú yanrìn. Láàárọ̀ òní mo fà á wò díẹ̀, kò gbà kí n fà á. Mo fi fóònù pe Màámi, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní bó bá ti bímọ kí n gbé ọ̀kan padà wá fún àwọn, torí tiwọn ti kú lọ́dún tó kọjá, wọn ò kàn sọ fún mi ni.

Olódòdó Ìdí-Ìṣìn

Ó ti ta gbòǹgbò nìyẹn. Bu omi àkọ́kọ́ tó jinlẹ̀ sí i lọ́la láàárọ̀, kí o má tún fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o bá ti ṣe tán láti gbé ọmọ rẹ̀ fún Màmá, fi mí létí, ìkòkò amọ̀ tó ní ihò wà lọ́dọ̀ mi tí màá fún ọ.